Ọjọ́ Tí Arọ Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Rẹ̀ ní Agbowó

Ọkùnrin kan wà ní Agbowó tí ìwé ọ́fíìsì wa sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti ìbàdí dé ọmọ-ìka. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Múfútáù ni orúkọ rẹ̀, Múfù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo ti fi tó o létí pé mo máa wá tún un bẹ̀ wò, mo jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, mo ń mu omi tútù tí Ràsídà ìyàwó rẹ̀ gbé fún mi. Múfù jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ níwájú mi, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí ayé ti sú. Ni ohùn àgbàlagbà kan bá dún lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àsàlámù àlékún, ẹ̀yin ará ilé."

Ohùn bàbá ìyàwó ni. Kí n tó gbé omi ẹnu mi mì, Múfù ti fò kúrò lórí àga, ó ti na gbalaja sílẹ̀, àyà rẹ̀ lu ilẹ̀, gbì! Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn, sà. Ilé ńkọ́, sà?"

Wọ́n ní àwọn tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà gbọ́ gbì yẹn. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé àga náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rù, ó yí sẹ́yìn títí ó fi wọ kíṣìnì lọ, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tì í.

Àlàájì, bàbá Ràsídà, wo àna wọn nílẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn gidi ni wọ́n, àwọn tí ilẹ̀ bàbá wọn pọ̀ ju ohùn wọn lọ. Wọ́n rọra ní, "Múfútáù, Ràsídà pè mí láàárọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ kò gbé ọ mọ́. Èwo nínú ẹsẹ̀ náà ni?"

Múfù fẹ́ dìde, ó tún nà padà. Ó ti rántí pé òun kò lè dìde. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Wàsíù, ṣé ẹ̀ ń rí iṣẹ́ Ọlọ́run?"

Mo ní, "Mo rí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ì bá ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kó tó di pé mo wọkọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Mo rántí pé lábẹ́ orúkọ Múfù nínú ìwé yẹn, orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìwé márùn-ún ni mo kà. Mo fẹ́ ka ìkẹfà, ìkẹfà ló ní òun ò ka èmi. Ìránṣẹ́ ni wọ́n gbà mí sí ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ọ́fíìsì náà ló ń fún àwọn akàndá ènìyàn ní owó ìrànwọ́, ó sì ń fún àwọn tó ń tọ́jú wọn náà ní tiwọn. Akàndá ènìyàn ni ká máa pè wọ́n, ọ̀gá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe "arọ" tàbí "afọ́jú" lójú àwọn. Àlàájà Múlíkà ni ọ̀gá yẹn. Mo fi ọdún mẹ́fà jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ awò ojú wọn, tí wọ́n nù ún, tí wọn ò sọ̀rọ̀, mo máa ń di ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Bí mo ṣe kúrò nídìí gbígbé fáìlì nìyí. Àlàájà rán àwọn ọmọ yunifásítì méjì lọ wá ilé kan lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá. Àárọ̀ ni wọ́n lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, súyà nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n wá rán mi. Kí ọkọ̀ tí mo wọ̀ tó dé Mọ́kọ́lá, mo ti ṣe tán níbẹ̀, mo ti ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di aṣèbẹ̀wò.

Iṣẹ́ aṣèbẹ̀wò kò le. O máa lọ sílé ẹni tó béèrè ìrànwọ́, o máa jókòó, o máa fojú rí i, o máa kọ ohun tí o rí. Fọ́ọ̀mù méjì ló wà. Funfun ni ti akàndá ènìyàn fúnra rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè ni ti olùtọ́jú, ìyẹn ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e, tó ń fún un lóúnjẹ. Nísàlẹ̀ méjèèjì ni ohun tí à ń pè ní ìbúra wà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Àlàájà ti túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n há a sórí: "Òótọ́ ni ohun tí mo sọ yìí. Bí mo bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ parọ́ láti gba owó yìí, tàbí mo fi ohun tó yí padà lára mi pamọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ilé ẹjọ́ lè ní kí n dá gbogbo owó náà padà, ó lè ní kí n san ìtanràn, ó sì lè sọ mí sẹ́wọ̀n." Aṣèbẹ̀wò gbọ́dọ̀ ka ìbúra yìí sí èèyàn létí kó tó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, aṣèbẹ̀wò á fọwọ́ tirẹ̀ sí i pé òun kà á.

Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, mo lè kà á kí ẹni tí mò ń kà á fún tó mí lẹ́ẹ̀kan. Àlàájà tẹ̀lé mi jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n nu awò ojú wọn.

"Bàbá Wàsíù, ṣé ajá ló ń lé yín ni?"

"Rárá, Àlàájà. Iṣẹ́ pọ̀ ni."

"Ẹ kà á kó wọ̀ wọ́n létí, ẹ jọ̀ọ́. Òfin tó fẹ́ gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, ó yẹ kónítọ̀hún ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kì í ṣe ti Múfù. Bàbá kan wà ní Bódìjà tí kò ríran. Ìgbà kejì tí mo wọ ilé wọn, kí n tó kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, aṣèbẹ̀wò. Ẹ ti rù o." Orí mi wú. Mo bá wọn ṣeré, mo jáde, mo kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà pé bàbá yìí ń ríran, ó tilẹ̀ ríran jù mí lọ. Àlàájà ka ìwé náà, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ tiwọn, a padà sí Bódìjà. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá náà bí wọ́n ṣe mọ̀ pé mo rù.

Bàbá ní, "Nígbà àkọ́kọ́ tí aṣèbẹ̀wò yìí tẹ pákó àtẹ̀wọlé mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló ké. Nígbà kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ bàbá náà. Nínú ọkọ̀, Àlàájà ní, "Àwọn tí à ń bẹ̀ wò kì í ṣe olè. Ẹ má wọlé bí ọlọ́pàá mọ́." Ìtìjú yẹn jẹ mí dé egungun. Láti ìgbà náà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti wo ẹnikẹ́ni dáadáa. Ẹni tó bá ní apá ń dun òun, mo ti kọ ọ́ pé apá méjèèjì ni. Bí mo ṣe ń sá fún kòtò kan ni mo ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sínú òmíràn.

Inú òmíràn yẹn ni Múfù ti ń dúró dè mí. Ọdún kan ṣáájú ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ó yẹ kí n lọ sílé rẹ̀ ní Agbowó fún ìgbà àkọ́kọ́. Òjò ń rọ̀. Ó pè mí lórí fóònù pé òun wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, kí n má wulẹ̀ jẹ́ kí òjò pa mí dé Agbowó. Mo bá a níbẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́, aṣọ lórí ẹsẹ̀. Ó ra àgbàdo sísun fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ìbúra, ó ní, "Bàbá, ẹ má dààmú ara yín, mo kàwé, mo mọ̀ ọ́n." Ó fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ló kù, ti ìyàwó rẹ̀ tó ní ó ń tọ́jú òun. Ó ní ìyàwó òun wà nílé, òun á bá mi gbé e lọ fún un. Mo fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó rán an padà pẹ̀lú ìka ìyàwó rẹ̀ lórí rẹ̀. Èmi Bàbá Wàsíù mú bírò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ka ìbúra fún obìnrin yìí nínú ilé rẹ̀." Àgbàdo yẹn dùn o. Mi ò tí ì jẹ àgbàdo tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nítorí náà, nígbà tí Múfù ṣì nà gbalaja níwájú àna rẹ̀, tí Àlàájì sì ń béèrè ta ni èmi, mo sọ ibi tí mo ti wá. Mo wá yọ fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè jáde, mo na án sí Ràsídà. Ó gbé ọmọ jòjòló pọ̀n.

Mo ní, "Màmá Ìkókó, ṣé ẹ̀ ń tọ́jú ọkọ yín?"

"Mò ń se oúnjẹ fún un, mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Ìtọ́jú wo ló tún kù?"

"Ṣé ẹ̀ ń gbé e dìde? Ṣé ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Kí n wẹ Múfù? Láàárọ̀ yìí ló gbé àga yẹn wọlé, ó jókòó sí i, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi òun ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí ni mo fi pe bàbá mi."

"Ìka ta ló wà lórí ìwé yìí?"

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìka mi ni. Múfù ní ti ìrànwọ́ àwọn obìnrin oníṣòwò ni. Mi ò lọ sílé ìwé. Bàbá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Àlàájì ń wò mí. Ọmọ tí Ràsídà pọ̀n ń wò mí. Èmi tó ń ka nǹkan yẹn lójú oorun, mi ò kà á fún un. Mo kó ìwé mi, mo ní mò ń bọ̀.

Mo padà sí Ring Road, mo ròyìn Múfù fún Àlàájà, mo fi ti àgbàdo pamọ́. Ọ́fíìsì gbé ọ̀rọ̀ náà fún ọlọ́pàá. Wọ́n mú Múfù, wọ́n mú Ràsídà náà, torí fọ́ọ̀mù olùtọ́jú ni ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n fi irọ́ gba owó tó jẹ́ ti àwọn akàndá ènìyàn. Agbẹjọ́rò ìjọba ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ẹni tó bá parọ́ pé òun jẹ́ akàndá, òfin á mú un. Ẹni tó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ pé òun ń tọ́jú ẹni tí kò ṣàìsàn, òfin á mú òun náà. Ràsídà ní òun kò mọ ohun tí òun tẹ̀ka sí. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi ní ó mọ̀, pé mo kà á fún un nínú ilé rẹ̀. Lọ́yà náà ní, "Bàbá, ohun tí ẹ kọ ni kí ẹ wá sọ. Ó ti tán nìyẹn." Mo béèrè pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò rí ńkọ́. Ó ní, "Òfin á mú òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí i, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ sí kọ́ọ̀tù, Àlàájà pè mí wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Wàsíù, kí lẹ kà fún obìnrin yẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Ẹ ò ka nǹkan kan."

"Mi ò ka nǹkan kan, Àlàájà. Mi ò tilẹ̀ rí i rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Òjò ló ń rọ̀."

Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Mo tún rò pé wọ́n lè ní kí n fi bò ó, torí orúkọ ọ́fíìsì. Wọ́n fi awò náà sójú padà, wọ́n ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Mi ò lè sọ pé kò ní sí ìyà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn yín ni mo máa jókòó sí." Wọ́n sì jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo bí mo ṣe dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, mò ń gbọ́ bí ṣẹ́ẹ̀nì awò ojú wọn ṣe ń ró.

Lọ́yà ìjọba na ìwé sí mi. "Ṣé ìfọwọ́sí yín nìyí?"

"Tèmi ni, sà."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ka ìbúra fún obìnrin yìí nínú ilé rẹ̀. Òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, sà."

Ó ṣí ìwé rẹ̀ sókè sódò. "Irọ́ ta ni?"

"Irọ́ tèmi. Ọkọ rẹ̀ ni mo fún ní fọ́ọ̀mù náà ní Mọ́kọ́lá. Mi ò kà á fún ẹnì kankan."

Adájọ́, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ, tẹjú mọ́ mi. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yìí lè sọ ẹ̀yin fúnra yín sẹ́wọ̀n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Èmi ni mò ń kà á fún àwọn èèyàn."

Kọ́ọ̀tù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kà á fún un nísinsìnyí, kí èmi náà gbọ́."

Mo kọjú sí Ràsídà. Ó ń fi ọwọ́ gbá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdí pẹ́pẹ́pẹ́. Mo kà á. Mi ò tí ì ka nǹkan falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo dé "dá gbogbo owó náà padà," ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo dé "sẹ́wọ̀n," omi ti kún ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ká ní ẹnì kan kà á sí mi létí báyìí lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá tí tẹ̀ ẹ́. Ǹ bá ti pe bàbá mi láti ọjọ́ náà." Ó kọjú sí Múfù. "O mọ ìwé, o mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìka mi lo fi ṣe gègé?"

Múfù tẹ orí ba.

Wọ́n dá Ràsídà sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń san owó sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ti Múfù ni, Ràsídà kò sì fi ojú kan kọ́bọ̀ nínú owó náà. Múfù jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà, ti funfun àti ti ìyeyè, kó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án. Ó ní bí ẹnì kan bá jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nílò, ẹni tó nílò rẹ̀ wà níbì kan tó ń fi orúnkún wọ́. Ti èmi, ó kìlọ̀ fún mi gidi, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ òótọ́ tí mo fẹnu ara mi sọ, ó sì fà mí lé ọ́fíìsì lọ́wọ́. Ọ́fíìsì dá owó oṣù mi dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ní kí n padà sídìí gbígbé fáìlì fún odidi ọdún kan.

Ijó ni mo jó wọlé lọ́jọ́ náà. Ìyá Wàsíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Wọ́n ní kò sówó oṣù mẹ́fà, ẹ wá ń jó?"

"Ìyàwó mi, wo ibi tí mo ti ń jó. Inú ilé mi ni."

Àlàájà ló sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n dá mi padà sẹ́nu ìbẹ̀wò nígbà tí ọdún náà pé. Wọn ò sọ ọ́ fún mi, ẹlòmíràn ló tú àṣírí. Ẹni tí ì bá ta mí nù, tí apá rẹ̀ sì ká a, ló jókòó sẹ́yìn mi ní kọ́ọ̀tù. Gbogbo àwẹ̀ Ramadan ni mo máa ń lọ kí wọn, èmi tí mo jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tó jẹ́ pé àwọn àna mi ló sọ ọmọ mi ní Wàsíù, tí mi ò sì gbààwẹ̀. Bí oúnjẹ ìṣínu bá dé, èmi ni mo máa ń ṣínu ṣáájú. Wọ́n á ní, "Bàbá Wàsíù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pèrun ná." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fi obìnrin yẹn ṣe ọ̀gá mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo lọ sílé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Challenge. Ó fi aṣọ so ọwọ́ ọ̀tún kọ́rùn. Ìwé dókítà wà, fọ́tò egungun wà, ó ní alùpùpù ló ṣe é, ọwọ́ náà kò lè gbé ṣíbí mọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó ti ki àtàǹpàkò òsì bọ inú tàdáwà, ó nà án sórí fọ́ọ̀mù. Mo ní kó dúró ná. Mo ka ìbúra fún un, díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún apá ìparí yẹn kà."

Mo tún un kà. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó fa ọwọ́ padà, ó fi ṣòkòtò nu tàdáwà kúrò. Ó wá rọra tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Ó ti san láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ó mi kanlẹ̀. "Ṣé ẹ máa kọ orúkọ mi sílẹ̀?"

Mo ya fọ́ọ̀mù náà sí méjì lójú rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sì gba nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà, tí ẹ kà á fún mi." Ó dìde, ó gba báàgì mi, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn gbé e sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀.